Ìwé Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Dé

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìyá kan nínú yín bi mí pé, “Tíṣà, àgbà ti dé sí mi, ta ni mo tún fẹ́ kọ lẹ́tà sí?” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó rán mi létí àwọn tí wọ́n ti ogun Bọ́mà bọ̀.

Ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ìjọba òyìnbó kó bíi 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gba orí òkun lọ sí Bọ́mà, ilẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ Íńdíà, láti bá àwọn ará Jàpáànì jà nínú igbó. Ogun parí ní oṣù kẹjọ 1945. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun kò tó. Ọ̀pọ̀ kò rí ilé títí di 1946. Ẹ sáà rò ó wò! Ogun tán, ìyá ń ṣọ́nà, ọmọ kò dé. Ọjọ́ tí ó bá wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìlù, ijó, iyán, omijé ayọ̀.

Isaac Fadoyebo, ará Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà nínú wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù kẹta 1944, ọta ìbọn bà á ní ẹsẹ̀ àti ní ikùn. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ni ó kù nínú igbó. Àgbẹ̀ kan ní abúlé, Shuyiman, Mùsùlùmí ni, ni ó ń gbé oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí ó yá, ó fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Kò bá wọn tan rárá. Bí àwọn Jàpáànì bá sì mọ̀, wọn yóò pa á tọmọtọmọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni èyí kí àwọn ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ wọn tó dé.

Fadoyebo padà sílé ní 1945, ó ń tiro. Èmi a máa rò ó pé ní ọjọ́ ayọ̀ náà, ẹni tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bu iyán fún kò sí níbẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní 2011, Fadoyebo, tí ó ti lé ní ọdún 80, kọ ìwé ìdúpẹ́. Oníròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips, mú un dé Bọ́mà. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n ó bá àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n sì ka ìwé náà sí wọn létí.