Ìbọn Tí Ogun Fi Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Làìbéríà àti Sàró Kọ́ Wa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè tó dá wa sí, a sì rántí àwọn ọ̀gbà wa tí wọn kò sí ní ìjókòó lónìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹgbẹ́ ní kí àwa méjì, agbẹjọ́rò kan àti ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì, sọ̀rọ̀ lórí ààbò ìlú. A mọ ohun tó fà á. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń dààmú ọ̀nà oko, àwọn kan nínú wa ti ń dá a lábàá pé kí a dá owó jọ, kí a fi ra ìbọn fún àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Èrò rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìbọn ti pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú rí, kí a sì wo ohun tó ná wọn láti gbà á padà.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní Làìbéríà ní oṣù Kejìlá ọdún 1989. Ó ràn dé Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, ní 1991. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa: àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú sójà ECOMOG tó lọ là wọ́n níjà, gbogbo wọn kọ́ ló sì padà wálé. Ti Sàró parí ní 2002; wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ti Làìbéríà ní Accra ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003.

Ogun parí, ìbọn kò parí. Ní Làìbéríà, àwọn tó lé ní 100,000 ló forúkọ sílẹ̀ pé ajagun làwọn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 28,000 ìbọn péré ni wọ́n rí gbà. Wọ́n ṣèlérí 300 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àgọ́ Schieffelin nítòsí Monrovia, èrò ya bo ibẹ̀ ju bí wọ́n ti múra sílẹ̀ lọ, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nítorí owó, wọ́n sì ní láti dá iṣẹ́ náà dúró títí di oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí a rí kọ́ ni pé bí a bá ti fi owó lé ìbọn lórí, ìbọn ti di ọjà.

Ní Sàró, wọ́n gba ohun ìjà tó lé ní 40,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ọgbọ́n mìíràn dá. Wọn kò fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìlú tí àwọn ọlọ́pàá bá yẹ̀ wò, tí wọ́n jẹ́rìí pé ìbọn ti tán níbẹ̀, ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè fún, irú èyí tí ará ìlú fúnra wọn bá yàn. Ọ̀rọ̀ ìbọn wá di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé.

Ṣùgbọ́n gbígba ìbọn nìkan kò tó. Ogun ti ba ilé ẹjọ́ jẹ́, ó sì ti ba iṣẹ́ ọlọ́pàá jẹ́. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àárín gbùngbùn Monrovia, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí wọn kò tíì rí ìdájọ́ fi pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ lọ. Níbi tí ẹjọ́ bá ti ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ará ìlú á máa fi ọwọ́ ara wọn dájọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gba irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ níyànjú fi máa ń tẹnu mọ́ nǹkan mẹ́ta: kí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ìwé àkọsílẹ̀ sì wà tó sọ ẹni tó ni ín, kí ọlọ́pàá kọ ibi tó ti rí ìbọn àti ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí láìsí èyí, ẹjọ́ á túká ní kóòtù, kí adájọ́ sì tètè gbọ́ ẹjọ́. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní oṣù Kẹfà ọdún 2006 pa àṣẹ nọ́ńbà àti àkọsílẹ̀. Ó tún kà á léèwọ̀ láti kó ìbọn fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba láìgbàṣẹ.

Ẹ̀yin ọ̀gbà wa, ẹ rántí Charles Taylor. Ní 2012, ilé ẹjọ́ àkànṣe ti Sàró rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n 50 ọdún. Kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ lọ yìnbọn níbẹ̀. Ìbọn, ọta àti ìrànwọ́ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ọ̀ràn wa kò tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í bi ẹni tó yìnbọn nìkan, ó ń bi ẹni tó rà á. Òfin Nàìjíríà ti 1959 pàápàá sọ pé ṣakabùlà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Bí ọmọ tí a ra ìbọn fún lónìí bá di ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú lọ́la, ta ni yóò gbà á padà? Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Kí a má ra ìbọn kankan. Kí a fi owó náà ra iná, tẹlifóònù àti alùpùpù fún àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Kí àwọn tó bá yẹ nínú wọn lọ forúkọ sílẹ̀ fún Àmọ̀tẹ́kùn, kí wọ́n wà lábẹ́ òfin. Kí a bẹ ẹgbẹ́ ọdẹ kí wọ́n kọ iye ṣakabùlà wọn sílẹ̀, kí a sì bá ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ gbà á. Bí ọwọ́ bá tẹ ọ̀daràn, kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì tí yóò máa tẹ̀ lé ẹjọ́ náà dé kóòtù títí yóò fi parí. Kí yíyìnbọn sókè níbi òkú àti ìwúyè sì dópin láàárín wa, láti orí ayẹyẹ yìí lọ.

Ìná kò tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò tán léèékánná. Ìlú wa kò tíì jagun. Ọlọ́run má jẹ́ kí a jà á. Ẹgbẹ́ wa yóò ṣe ogún, yóò ṣe ọgbọ̀n, a kò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àṣẹ.