Ẹ jẹ́ ká mọ ẹkùn

Ọ̀rọ̀ ẹkùn ni a fẹ́ sọ lónìí.

Báwo ni ẹkùn ṣe rí? Ara rẹ̀ pọ́n bí ewé gbígbẹ, abẹ́ inú rẹ̀ funfun. Àmì dúdú kún ara rẹ̀. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí róbótó bí òrùka. Àmì ara ẹkùn kan kì í bá ti èkejì mu. Kìnnìún tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n kìnnìún tó ti dàgbà kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀.

Níbo ló ń gbé? Ó ń gbé inú igbó, inú ọ̀dàn àti orí òkè olókùúta. Ní ilẹ̀ Benin, ẹkùn ṣì wà ní apá àríwá, nínú igbó ọba Pendjari.

Kí ló ń jẹ? Ó ń jẹ ẹtu, ọ̀bọ, ehoro, àní eku pàápàá. Òun nìkan ló ń dẹ̀gbẹ́, òru ló sì fẹ́ràn jù. Àwọn àgbà ní: yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Yóò máa yọ́ bọ̀ títí yóò fi sún mọ́ ẹran, kó tó fò mọ́ ọn. Bó bá pa á tán, ó lè wọ́ ọ gun orí igi, kí ìkookò má bàa gbà á. Abo ẹkùn a máa lóyún fún oṣù 3 àti díẹ̀, ó sì sábà ń bí ọmọ 2 tàbí 3.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó kàn wá. Bí a bá pa ẹran igbó tán, kí ni ẹkùn yóò jẹ? Ewúrẹ́ wa ni. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé nítòsí ẹkùn, kó ṣe nǹkan 3 yìí:

1. Ní alẹ́, kó kó ẹran rẹ̀ sínú ilé tó lágbára, tó ní òrùlé, nítorí ẹkùn mọ òkè gùn.

2. Kó má fi májèlé sínú òkú ẹran. Ajá lè jẹ ẹ́, igún lè jẹ ẹ́, ènìyàn pàápàá lè jẹ ẹ́.

3. Bó bá pàdé ẹkùn, kó má sáré. Kó kọjú sí i, kó máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀.

Awọ ẹkùn ńkọ́? Láti ọdún 1975 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan láti fi òfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Ẹni tó bá ti mọ̀wé kà, kó ka èyí fún aládùúgbò rẹ̀.