Iṣẹ́ Ìlú fún Àwọn Ọ̀dọ́: Kí Ó Má Ṣe Jẹ́ Ti Oṣù Mẹ́ta

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba Olùpèsè. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì Muhammad àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin mùmíní òdodo, nínú Súrátùl-Jumu'ah, àyà kẹwàá, Allāhu pa á láṣẹ pé bí ìrun bá ti parí, kí àwọn onígbàgbọ́ tú ká láti wá oore Rẹ̀. Níbo wá ni ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré yóò tú ká lọ bí kò bá sí iṣẹ́?

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NDE sílẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe ìlú wà lára ètò mẹ́rin tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Òun náà ni a tún gbé dìde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021: ènìyàn 1,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 774,000 ní gbogbo Nàìjíríà, ₦20,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta. Fún Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀/Ọ̀rùn àti Emùré, ó jẹ́ ènìyàn 3,000 àti mílíọ̀nù náírà 180. Owó kékeré kọ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí a kó lónìí, òjò ọ̀la ni yóò tún dí i; ọ̀dọ́ tí kò sì kọ́ṣẹ́ kankan níbẹ̀, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò padà sí.

Bí ìjọba yóò bá tún ètò náà gbé dìde, ohun mẹ́ta ni ó tọ́. Èkíní, kí ó tó ọdún kan, kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ ohun tí yóò kù nílẹ̀: ọ̀nà oko kòkó, afárá, kànga. Èkejì, kí orúkọ má ṣe di ìpín àwọn alágbára. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò yan òṣìṣẹ́ ti da ètò náà rú ní ọdún 2020. Ẹ̀kẹta, kí owó má pẹ́. Hádíìsì tí Ibn Majah gbà wá kọ́ni pé ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró títí òógùn rẹ̀ yóò fi gbẹ. Lọ́dún 2021, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ké pé owó àwọn kò tètè dé.

Àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ní ojúṣe. Ànábì Dáwúdà, ọba ni, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ. Kí onísátífíkéètì má ṣe tijú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Agbe ni ìtìjú.

Kí Allāhu fún àwọn aṣáájú ní ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí Ó sì fi iṣẹ́ halááli bọ́ àwọn ọmọ. Āmīn.