Ọjọ́ Kan ní Àgbádárìgì pẹ̀lú Ọmọ Kékeré

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kò gùn. Ó dá lórí bí òbí ṣe lè fi ọjọ́ kan péré àti owó díẹ̀ la ọmọ kékeré lójú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ohun olówó ni ìgbafẹ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, a ó ní ọwọ́ kò sí, ọmọ yóò sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n àti fóònù títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé padà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ní ti àwọn ọmọ wa, oko baba tiwọn gan-an ni wọn kò tíì dé. Ọmọ tí a bí ní Ìbà, tí ó ń kàwé ní Okokomáíkò, ń gbọ́ lójoojúmọ́ bí àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ ti ń pe èrò Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó wà lópin ọ̀nà náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wa ni ó gbà kọjá.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ìsinmi, a jí, ojú ọjọ́ mọ́, a kò sì ní òde ìnáwó kankan láti lọ. A kò ṣètò ohunkóhun sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. A bu omi sínú ìgò, a di búrẹ́dì àti ẹyin sísè, a mú ẹ̀wù kan tí ọmọ yóò pààrọ̀ àti agboòrùn kan, ó di ìdíkọ̀ Okokomáíkò. Orí itan ni a gbé àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 6, lé, nítorí náà owó èèyàn kan ni a san. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, a fi ọ̀nà Ọ̀tọ̀ hàn án ní Ìjanikin, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti di yunifásítì ní 2022. A fi àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá hàn án. Nígbà tí ó sì rí àwọn igi àgbọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n títí oorun fi gbé e lọ.

Ibi mẹ́rin péré ni a yà sí ní Àgbádárìgì, nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé kò gùn. Èkíní ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ sẹ́bàá ọ̀sà, tí wọ́n sì parí ní 1845. Èkejì ni ojúbọ̀ ìrántí igi Agia, níbi tí a ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere Kristi ní ilẹ̀ wa lẹ́yìn tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n àmì ìrántí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, nítorí pé olùkọ́ ni wá, ni ilé-ẹ̀kọ́ ìwé tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní 1843, tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìkẹrin ni ilé Séríkì Williams Abass, níbi tí a ti ń kó àwọn ẹrú pa mọ́ sínú yàrá híhá kí a tó kó wọn sọdá ọ̀sà lọ sí etí òkun.

Ní ilé ìkẹrin yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀. Ọmọ náà wo yàrá kan, ó wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì béèrè pé, “Ṣé wọ́n kó ọmọdé náà?”

Ẹ̀yin òbí, kí ni ìdáhùn? Bí a bá ní rárá, irọ́ ni. Bí a bá sì tú gbogbo ìwà ìkà náà palẹ̀ fún ọmọ ọdún 6, kò ní sùn lóru. A dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kó ọmọdé. Séríkì Abass tí ó ni ilé yìí gan-an, ọmọdé ni òun náà nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú. Lẹ́yìn èyí a sọ ìtàn Àjàyí fún un. Ní 1821 ni a kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 13, tí a sì ya òun àti ìyá rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí a fi gbé e sọ́kọ̀ ní Èkó ní 1822. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní Sàró. Ó kàwé, ó di àlùfáà, a sì ń pè é ní Samuel Ajayi Crowther. Ní 1845 ó dé Àgbádárìgì, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ nítorí ogun dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹjọ 1846 ni ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì ti wá a rí lẹ́yìn ọdún 25.

Ọmọ náà béèrè pé, “Ṣé ìyá rẹ̀ dá a mọ̀?” A ní ó dá a mọ̀, wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ní ebi ń pa òun. A jẹ búrẹ́dì wa létí ọ̀sà.

Fún ẹni tí yóò bá gbìyànjú rẹ̀ wò, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ béèrè iye tí amọ̀nà yóò gbà kí ẹ tó tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe gbé ọmọ kékeré wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù bí kò bá sí ẹ̀wù agbẹ̀mílà tí ó bá a mu. Erékùṣù náà kò ní sá lọ. Ẹ kọrí sílé kí oòrùn tó rọlẹ̀, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká yín mọ́ ọ̀nà. Ẹni tí Àgbádárìgì bá jìn sí lè gba ọ̀nà kejì: láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Máìlì 2 lọ sí Marina, ọmọ tí kò wọ irú rẹ̀ rí kò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti òkè òkun wálé lóṣù Kejìlá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ọjọ́ àríyá fún àwọn ọmọ yín.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kù tí owó ọkọ̀ kò lè ṣe. Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí a dé ẹ̀bá ilé, ọmọ náà tún béèrè pé, “Níbo ni erin wà ní Igbó-Elérin?” Ọmọ tí ó ti rí ìtàn ìlú ẹlòmíràn yóò béèrè ti ìlú tirẹ̀. Ìtàn Àgbádárìgì wà nínú ìwé, amọ̀nà sì wà tí ń sọ ọ́. Ìtàn tiwa, ẹnu àwọn bàbá àti ìyá tí ó jókòó níwájú wa yìí ni ó kù sí, àgbà kì í sì í gbé ayé títí láé. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí pé kí a yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún yìí. Kò ná wa ju ìwé àti kálámù lọ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí ó sì wo àwọn ọmọ wa. Igbó-Elérin kò ní parẹ́.