ÒWÚ KÌ Í LÀ KÍNÚ BÍ OLÓKO

Òwú ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí.

Àwọn àgbà ní òwú kì í là kínú bí olóko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú olóko lè bàjẹ́ lọ́jọ́ ìtajà, bí òwú tó là funfun bá ti ṣì láwọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Òwú kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Àwọn bàbá wa ń gbìn ín láàárín iṣu. Àwọn ìyá wa ń ran án, wọ́n sì ń fi òfì tí a gbé ti ògiri hun kíjìpá. Ní 1902, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní Manchester, kí òwú lè pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbẹ̀ rí i pé kòkó ń mówó wọlé ju òwú lọ, kòkó ni wọ́n yíjú sí.

Ara kóró ni fọ́nrán òwú ti ń hù. Sẹ́lúlóòsì ló pọ̀ jù lára rẹ̀, ohun kan náà tó wà lára igi àti bébà. Ìdí nìyí tí òwú fi ń jó bí bébà, tó ń di eérú. Aṣọ ọ̀rá ní tirẹ̀ á yọ́, á sì dì gbagidi. Sẹ́lúlóòsì a máa fa omi mu. Òun ló jẹ́ kí aṣọ òwú gba òógùn lára wa, kó sì mu aró dáadáa. Òun náà ló ń ba òwú jẹ́ nínú àká: bí a bá kó o pamọ́ ní tútù, yóò bu.

Nítorí náà:

1. Ẹ gbìn ín ní oṣù Keje, kó lè là nígbà tí òjò bá ti lọ.

2. Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹ tó ká a.

3. Ẹ má kó o sínú àpò ọ̀rá ajílẹ̀. Fọ́nrán ọ̀rá a máa já sínú òwú. Kì í mu aró, àbùkù rẹ̀ á sì hàn lára aṣọ. Apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò aṣọ ni kí ẹ lò.

4. Ẹ ya èyí tó funfun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti pọ́n. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó dọ̀tí lè já owó gbogbo àpò wálẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ wá oníbàárà kí ẹ tó gbìn, kí ẹ sì pa òwú yín pọ̀ tà.

Ó dìgbà kan ná. A ò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù o.