Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Lo Oògùn Rẹ̀ Tán

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìlera àwọn ọmọ wa la fẹ́ fi àyè tí ẹ fún wa sọ, pàápàá ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn àgbà ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Bí ọmọ tó ti ń gba ìtọ́jú yóò ṣe lo oògùn rẹ̀ dópin ló jẹ wá lógún, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kọsẹ̀.

Ikọ́ yìí kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe àrùn ìdílé. Kòkòrò ló ń fà á. Robert Koch, dókítà ọmọ Jámánì, ló kéde kòkòrò náà ní ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1882. Ọjọ́ yẹn náà ni gbogbo àgbáyé fi ń ṣe àyájọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ́dọọdún. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, ara àgbàlagbà tó ń wúkọ́ nínú ilé ni ọmọdé sì ti sábà máa ń kó o. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí iye àwọn tó ń ní in pọ̀ tó ti Nàìjíríà. Síbẹ̀, oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni láwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú náà sábà máa ń gbà. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni oríṣi oògùn máa ń pọ̀, oṣù mẹ́rin tó kù ni ti àṣepé. Inú oṣù mẹ́rin yẹn ni ewu wà. Kí oṣù méjì tó pé, ikọ́ á ti rọlẹ̀, ibà á ti lọ, ọmọ á máa jẹun, á máa sáré kiri. Ìyá àgbà á ní, "A dúpẹ́, ara ọmọ ti yá," oògùn á sì di ohun tí wọ́n gbé sórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèkánná. Kòkòrò tó ṣẹ́kù á tún gbérí, oògùn àkọ́kọ́ sì lè má ràn án mọ́. Ìtọ́jú á wá gùn sí i, á tún le sí i. Ní ti ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún, àrùn yìí tètè máa ń dé ọpọlọ.

Iṣẹ́ báǹkì la ń ṣe, ẹ jẹ́ ká fi owó ṣàkàwé. Káàdì ìtọ́jú dà bíi káàdì alájọ: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fàlà sí i. Ẹni tó dá àjọ fún oṣù méjì tó sì dáwọ́ dúró, owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ alájọ. Ti oògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró lágbede méjì lè pàdánù gbogbo èyí tó ti lò.

Nígbà kan, oògùn àgbàlagbà tó korò ni wọ́n ń ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ fún ọmọdé. Ní ìparí ọdún 2015 ni oògùn ọmọdé jáde, tó ń yòrò nínú omi, tó sì ní adùn èso. Kẹ́ńyà ló kọ́kọ́ mú un lò káàkiri orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2016, ó sì ti dé Nàìjíríà náà. Ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n fi ń mọ iye ẹyọ tí yóò lò, nítorí náà ọmọ tó ń sanra gbọ́dọ̀ máa padà lọ gun òṣùwọ̀n. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí omi ọsàn, ẹ má fòyà, oògùn ló fà á. Ṣùgbọ́n bí ẹyinjú rẹ̀ bá pọ́n bí ti ibà pọ́njú, tàbí tó ń bì léraléra, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Òótọ́ ni pé láti 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí oṣù mẹ́rin fún àwọn ọmọ kan tí àrùn náà kò le lára wọn. Dókítà ló ń fi àyẹ̀wò mọ ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bàbá tàbí ìyá.

Ohun tó kàn wá jù ní Èjìgbò ni ìrìnàjò. Gbogbo ayé ló mọ̀ wá mọ́ Àbíjàn. Bàbá wà lọ́hùn-ún, ìyá ń lọ ó ń bọ̀, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ oògùn nílé. Tó bá di oṣù kẹta, wọ́n á ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú un bọ̀. Ọkọ̀ á gba Kútọnu, Lomé àti Àkrá kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Oògùn á tán lọ́hùn-ún, káàdì á wà nínú àpótí ní Màsífà tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Èdè Faransé ni wọ́n á fi bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ ń lò, kò sì ní mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ rìnrìnàjò, ẹ gba lẹ́tà tí wọ́n fi ń gbé ìtọ́jú láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, ẹ mú káàdì dání, kí ẹ sì gba oògùn tí kò ní tán lọ́nà.

Ọmọdé kọ́ ló ń fún ara rẹ̀ lóògùn. Ìdí nìyí tí a fi ń dábàá pé, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò ẹnikẹ́ni nínú wa, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbà, kí ọmọ ẹgbẹ́ náà máa yà níbẹ̀ láràárọ̀, kí ó rí i pé ó gbé oògùn mì, kí ó sì rí i pé wọ́n fàlà sí káàdì. Bí owó ọkọ̀ ló ń dí wọn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí àpò ẹgbẹ́ gbé e. Kò lè tó owó aṣọ tí a wọ̀ lónìí. Kí a rán ilé náà létí pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ yòókù lọ fún àyẹ̀wò, torí oògùn ìdènà wà fún wọn. Kí a sì pa àṣírí mọ́. Ilé tí wọ́n bá ń nawọ́ sí kì í pẹ́ sá fún nọ́ọ̀sì.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí. Ẹgbẹ́ wa kò ní túká, ogún ọdún yóò bá wa láyọ̀ àti àlàáfíà.