Omi Ọya àti Iná Ọ̀la

Ọya, odò aya Ṣàngó, tí ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè Gínì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ní ń kún dé ìsédò Kainji tó ti ń fún wa ní iná láti 1968: omi funfun, tí ẹrẹ̀ òjò ìtòsí ti rú pọ̀, lẹ́yìn òjò, omi dúdú, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀ lọ́nà, nínú ọyẹ́. Omi tó bá yí ẹ̀rọ Kainji tán náà ló ń lọ yí ti ìsédò Jẹ́bà. Bí òjò bá yẹ̀, ilé iṣẹ́ iná méjèèjì ni yóò jìyà, Nìjẹ̀r àti Bẹ̀nẹ̀ tí ń ra iná lọ́wọ́ wa yóò sì mọ̀ ọ́n lára. Igi gogoró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó: kí àwọn tó so wáyà iná Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ má ṣe fi òjò àná ṣírò iná ọ̀la, kí wọ́n fi iná oòrùn gbọ́ ti ọ̀sán, kí omi lè ṣẹ́ kù dalẹ́.